Rìmóòtù ọwọ́ tí wọn ò ṣe fún ẹ̀rọ TIG mi: kọ́rẹ́ńtì ò kọjá 110

Ọmọ_Irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ̀rọ TIG 200 ámpù ni mo fi ń jó irin pọ̀, ínfátà ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì rìmóòtù iwájú rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 5. Pẹ́dà tó bá a wá, èyí tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti gbé kọ́rẹ́ńtì sókè sílẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n páìpù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi báyìí, òmíràn wà lókè, òmíràn wà lábẹ́ nǹkan. Mo máa ń dùbúlẹ̀ jó o ni. Ibo ni n ó ti rí ilẹ̀ tẹ pẹ́dà?

Ẹnì kan wá fún mi ní rìmóòtù ọwọ́, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ara tọ́ọ̀ṣì (ohun tí a ń dì mú, tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀), tí àtàǹpàkò fi ń yí nọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 14. Mo gé púlọ́ọ̀gì yẹn kúrò, mo fi ẹlẹ́sẹ̀ 5 sí i. Ó ṣiṣẹ́ o. Bí mo bá yí nọ́ọ̀bù díẹ̀, súìsì inú rẹ̀ á dún kẹ́, gáàsì á jáde, iná á mú. Kọ́rẹ́ńtì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ibi tó kù sí ni pé bí mo bá yí i dé òpin, tí mo sì ti gbé ti iwájú ẹ̀rọ sí 200, 110 ló máa ń kọ. Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dá pẹ́dà padà síbẹ̀, 200 pé.

Ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ bàjẹ́ ni, àbí rìmóòtù?

Tètè_Jó

Rìmóòtù ti gbó nìyẹn. Jù ú nù, ra tuntun.

Mítà_Lọ́wọ́

Má jù ú nù o. Yọ rìmóòtù kúrò lára ẹ̀rọ, gbé mítà sí ómù, kó o wọn wáyà mẹ́ta tó lọ síbi pọ́ọ̀tì. (Pọ́ọ̀tì ni mo ń pe ohun tí nọ́ọ̀bù ń yí nínú rẹ̀, irú èyí tó ń gbé ohùn rédíò sókè.) Wọ̀n wọ́n ní méjì-méjì, kó o máa yí nọ́ọ̀bù bó o ṣe ń wọ̀n ọ́n. Méjì kan wà tí iye wọn ò ní yí padà bó ti wù kó o yí nọ́ọ̀bù tó: ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ àárín, èyí tó ń rìn. Kọ iye tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ṣe bẹ́ẹ̀ fún pẹ́dà náà. Pẹ́dà tó bá ẹ̀rọ wá ni ìwé ìtọ́ni tí wọn ò kọ fún ọ.

Ọmọ_Irin

Ẹ ṣé. Mo ti wọ̀n ọ́n.

Pẹ́dà: 10.1K (1K jẹ́ ẹgbẹ̀rún ómù kan). Rìmóòtù ọwọ́: 980 ómù, kò tiẹ̀ pé 1K.

Ṣé òun ló fà á? Mo ti rò pé bó bá ṣáà ti ń yí láti òdo dé òpin, ó parí.

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ ò ní nǹkan kan, rìmóòtù náà ò gbó. Wọn ò bára wọn mu ni.

Ẹ̀rọ máa ń gbé fóltì kékeré kan jáde, 10 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan lára pọ́ọ̀tì. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń padà sí òdo. Ẹsẹ̀ àárín ń rìn láàárín àwọn méjèèjì, ibi tó bá dúró sí ló máa sọ iye tó máa bù lára 10 yẹn padà fún ẹ̀rọ. Bó bá bu òdo lọ, kọ́rẹ́ńtì tó kéré jù ni wàá rí. Bó bá kó o lọ tán, wàá rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ iye ómù tó wà lọ́wọ́ rẹ, fóltì ló ń kà.

Tó bá jẹ́ pé 10 fóltì náà ń jáde gbalaja láìsí ohun tó dá a dúró, ìbáà jẹ́ 1K, ìbáà jẹ́ 10K lo so mọ́ ọn, ìdajì ìyí á jẹ́ ìdajì fóltì, kò ní sí ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ẹ̀rọ mọ̀ pé lọ́jọ́ kan wáyà rìmóòtù á bó, á sì fara kanra, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi rẹsísítọ̀ kan (ohun kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù) sẹ́nu ọ̀nà fóltì yẹn nínú bọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ 1K, kódà bí wáyà bá fara kanra, 10 mílíámpù ló máa jáde mọ. Bọ́ọ̀dù ò ní jóná.

Rẹsísítọ̀ yẹn àti pọ́ọ̀tì rẹ ló wá jọ ń pín 10 fóltì náà. So 10K mọ́ ọn, ìpín 1 nínú 11 ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan bíi 9.1 á dé ọwọ́ rẹ. So 1K mọ́ ọn, wọ́n á pín in dọ́gba, 5 ló máa dé ọwọ́ rẹ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ pé 9.1 ni 200 rí 5, ó sì fún ọ ní ohun tí 5 tọ́ sí: 110.

Mo kàn ń méfò lórí 1K inú bọ́ọ̀dù yẹn o. Lọ wọ̀n ọ́n. Ṣí ìdérí púlọ́ọ̀gì, jẹ́ kó wà lára ẹ̀rọ, kó o fi ìmú mítà kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́. Wọ̀n ọ́n láìsí nǹkan kan lára rẹ̀, wọ̀n ọ́n pẹ̀lú pẹ́dà, wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rìmóòtù.

Ìyá_Tungsten

Kó tó fọwọ́ kan mítà: ọmọ, pa HF yẹn o! Gbé ẹ̀rọ sí lift, èyí tí tungsten ti máa ń fara kan irin kí iná tó mú. Ti gáàsì pa, yọ tungsten (ọ̀pá tín-ín-rín tí iná ń ta lẹ́nu rẹ̀) kúrò lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, kó o gbé tọ́ọ̀ṣì jìnnà sí irin. HF tó ń tan iná láìfọwọ́kàn irin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ni. Bó bá ta nígbà tí mítà wà lára wáyà rìmóòtù, mítà lọ nìyẹn, ó sì lè mú bọ́ọ̀dù dání.

Má sì tẹ súìsì rìmóòtù bó o ṣe ń wọ̀n ọ́n. Fóltì pọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí, kò dìgbà tí iná bá mú.

Ọmọ_Irin

Màmá, ẹ ṣeun. Mo pa HF, mo yọ tungsten.

Láìsí nǹkan lára rẹ̀: 10.0
Pẹ́dà: 9.1
Rìmóòtù ọwọ́: 4.95

Bàbá, àfi bíi pé ẹ wà nínú ẹ̀rọ náà.

Mítà_Lọ́wọ́

Pín 4.95 sí ọ̀nà 9.1, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po 200, ó jẹ́ 109. Ẹjọ́ ti parí.

Tètè_Jó

Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti yé mi. Ómù rẹ̀ ló kéré. Fi rẹsísítọ̀ 9K tẹ̀lé pọ́ọ̀tì 1K yẹn, àpapọ̀ wọn á di 10K, ẹ̀rọ ò ní mọ ìyàtọ̀. Kí ló kù?

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Ẹ̀rọ ò ní mọ ìyàtọ̀ lóòótọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n.

Ibo lo fẹ́ fi 9K náà sí? Bó bá wà lápá òkè, láàárín fóltì àti pọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ àárín ò ní kọjá 0.9 fóltì láé. Bí ọmọ yìí bá yí i dé òpin, nǹkan bí 20 ámpù ni. Bó bá wà nísàlẹ̀, lápá òdo, ó máa dé 200, àmọ́ kò ní lè wálẹ̀ ju nǹkan bí 180 lọ. Gbogbo ìyí nọ́ọ̀bù náà ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, níbi tó wù kó o gbé e sí. Rẹsísítọ̀ tó tẹ̀lé pọ́ọ̀tì ń gé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àárín ń rìn kúrú ni, kì í sọ pọ́ọ̀tì di ńlá.

Pọ́ọ̀tì tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n, kò sì ní jẹ́ kí ẹ máa fi ọgbọ́n àgbọ́njù tún un ṣe.

Wáyà_Tínrín

Tàbí kó fi LM358 kan (ẹ̀yà kékeré tó lè gbé fóltì ga) sínú rẹ̀, ka fóltì pọ́ọ̀tì 1K, kó sì gbé e ga sí 9.1 kó tó dá a padà fún ẹ̀rọ. Mo ti rí ẹni tó fi kọ̀ǹpútà kékeré ṣe é, tí kò tiẹ̀ lo wáyà rárá.

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Ó ṣeé ṣe lórí tábìlì. Ibi tí LM358 ti máa rí iná jẹ ńkọ́? Lára fóltì tí rẹsísítọ̀ 1K ń dá dúró yẹn náà ni? Ká tiẹ̀ ní ó rí bátìrì, o fẹ́ gbé e sí ara tọ́ọ̀ṣì tí HF ń kọjá nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ń ronú lẹ́gbẹ̀ẹ́ HF ló máa ń ṣìrònú. Pọ́ọ̀tì kì í ronú, ìdí tó fi ń pẹ́ nìyẹn.

Ìyá_Tungsten

Ọmọ_Irin, bó o bá fẹ́ ra pọ́ọ̀tì, wo ẹ̀yìn rẹ̀. B10K ni kó o mú, má mú A10K. Lára àwọn èyí tó pọ̀ lọ́jà, B ni èyí tó ń gòkè bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ni wọ́n ṣe fún ohùn rédíò: bó o bá yí i dé ìdajì, kò tíì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, kó tó wá sáré lọ ní ìparí. Wàá máa yí nọ́ọ̀bù, irin ò ní yọ́, wàá tún yí i díẹ̀, ihò ti lu.

Wo ọ̀pá orí rẹ̀ náà. Rìmóòtù tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ọ̀pá ¼ íńṣì, ìyẹn 6.35 mìlímítà. Ọ̀pọ̀ pọ́ọ̀tì tó wà níta jẹ́ 6. Nọ́ọ̀bù á máa mì lórí rẹ̀.

Mítà_Lọ́wọ́

Kó tún wo bí nọ́ọ̀bù náà ṣe ń yí tó. Pọ́ọ̀tì lásán máa ń yí tó 270 sí 300 dígírì. Rìmóòtù mìíràn wà tó ní ìdènà nínú ilé rẹ̀ tí kò jẹ́ kó yí tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdènà bá dá a dúró kí pọ́ọ̀tì tó dé òpin, 200 ò ní pé, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọnù.

Alumí_Fúyẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀ onílé. Tèmi dojú kọ tiẹ̀. Pẹ́dà mi 10K, rìmóòtù ọwọ́ tí mo rí 50K. Ó ń dé òpin kọ́rẹ́ńtì dáadáa, àmọ́ kò sí nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa yí i dé ìdajì kó tó di pé àlùmíníọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í dán, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀ á ya lulẹ̀ lójijì.

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Ohun méjì ló lè fa ìyẹn. Àkọ́kọ́ ni pé ibi tí ẹsẹ̀ àárín ń wọlé sí nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ojú lásán ló ń fi wò ó, ó máa ń fa díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí pọ́ọ̀tì 50K bá wà ní ìdajì, bíi 12.5K ló dúró láàárín fóltì àti ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ń fa bíi rẹsísítọ̀ 100K, 5 fóltì tó yẹ kó dé ibẹ̀ á di 4.4, o lè má tiẹ̀ mọ̀. Bó bá ń fa bíi 10K, á di 2.2. Ìdajì ìyí ti di ìlàrin kọ́rẹ́ńtì nìyẹn, ohun tó kù á wá kó jọ síparí.

Ìkejì ni ohun tí ìyá wa sọ lókè yẹn. Kí ló wà lẹ́yìn pọ́ọ̀tì rẹ?

Alumí_Fúyẹ́

A50K.

Ó ti tán. Ẹ̀sẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ̀.

Tètè_Jó

Èmi ò ní dákẹ́ o. Fún tirẹ̀, ṣé rẹsísítọ̀ ò lè tún un ṣe? Kó fi 12K bọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 50K àti 12K lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ nǹkan bíi 9.7K.

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Èyí bọ́ sí i, o ti ń kọ́ṣẹ́. Ní ti ohun tí ẹnu ọ̀nà fóltì ń rí, 9.7K ni lóòótọ́, bí iye tó dé òkè pọ́ọ̀tì bá ti ga jù, ó máa padà sí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àárín ṣì ń gba inú 50K kọjá, 12.5K tó wà ní ìdajì yẹn ò kúrò. Tí ẹ̀rọ ò bá fa nǹkan púpọ̀, ọgbọ́n rẹ tó. Tó bá ń fa, kò tó. Kò sì sí rẹsísítọ̀ tó máa sọ A di B.

B10K náà ni kí òun náà lọ rà.

Alumí_Fúyẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹ̀rọ kejì tó wà lọ́dọ̀ mi ò ní pẹ́dà, kò sì ní ìwé. Báwo ni n ó ṣe mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti súìsì àti èyí tó jẹ́ ti pọ́ọ̀tì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Ṣé kí n máa fi wáyà kan wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Mítà_Lọ́wọ́

Háà, má dán an wò! Mítà ni kó o fi wá a. HF ní pípa, tọ́ọ̀ṣì lọ́nà jíjìn, bí Ìyá ṣe sọ. Gbé mítà sí DC, wọn ẹsẹ̀ sókẹ́ẹ̀tì ní méjì-méjì. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bó o ṣe ń rí i, tún gbé mítà sí AC kó o wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó o bá rí 24 AC láàárín ẹsẹ̀ kan àti òmíràn, apá súìsì nìyẹn, má jẹ́ kó fojú kan ẹsẹ̀ pọ́ọ̀tì. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 14 ti Miller, ẹsẹ̀ A àti B ni súìsì, 24 fóltì AC ló sì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ C ló ń gbé 10 fóltì jáde fún pọ́ọ̀tì, D ni òdo, E ló ń gba ohun tí ẹsẹ̀ àárín mú wá. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi A kan E, bọ́ọ̀dù tuntun ló ń wá. Ti Lincoln ẹlẹ́sẹ̀ 6 yàtọ̀: A, B, C fún pọ́ọ̀tì, B ni àárín, D àti E fún súìsì. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí súìsì rẹ̀ ń lo DC, kò sì sí òfin kan tó sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ 5 méjì gbọ́dọ̀ jọra. Lẹ́tà kan náà lára ẹ̀rọ méjì lè jẹ́ ọ̀tá ara wọn.

Ibi tó o bá ti rí 10 tàbí 5 fóltì DC tó dúró pa, tí kò mì, ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìyẹn sábà máa ń jẹ́, àmọ́ má ì gbà á gbọ́, torí súìsì oníDC náà lè farahàn bẹ́ẹ̀. Fi rẹsísítọ̀ 10K bọ àwọn méjèèjì, kó o wo bí fóltì ṣe wálẹ̀ sí. Ìyẹn á tún sọ iye tó wà lẹ́nu ọ̀nà inú bọ́ọ̀dù fún ọ.

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Ìta ni kí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹsísítọ̀ kékeré kan lọ ṣí ìdérí ẹ̀rọ. Iná 230 tó bá wọ inú ínfátà, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di DC, ó ń lọ sí 325. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń dì í mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri.

Ọmọ_Irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. B10K, ọ̀pá 6. Nọ́ọ̀bù mì lóòótọ́ bí Màmá ṣe sọ. Mo gé bébà bàbà tín-ín-rín kan, mo ká a mọ́ ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan kí n tó ti nọ́ọ̀bù bọ̀ ọ́, mo wá fún súkúrù rẹ̀ pinpin lé e lórí. Kò mì mọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ ńṣe ni kọ́rẹ́ńtì ń lọ sílẹ̀ bí mo bá yí i sókè. Mo pààrọ̀ wáyà ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún ara wọn, ó tọ́. Fóltì òkè pọ́ọ̀tì 9.1. Ẹ̀rọ kọ 200.

Àmọ́ nǹkan mìíràn tún yọjú. Pẹ̀lú lift, ó dúró jẹ́ẹ́. Bí mo bá tan HF, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á fò, bíi 60, á di 140, á tún padà sí 60, kí iná tó mú. Lórí irin tó nípọn kò ṣe nǹkan. Lórí stainless 1.6 ó ti lu ihò sí i fún mi.

Mítà_Lọ́wọ́

Wáyà wo lo fi ṣe é? Àbí èyí tó bá rìmóòtù wá náà ni?

Ọmọ_Irin

Rárá, ó ti kúrú. Mo lo wáyà onímẹ́fà kan tí mo ní nílé, wáyà lásán. Ó bá wáyà tọ́ọ̀ṣì rìn láti òkè délẹ̀, mo fi téèpù dì wọ́n pọ̀.

Bàbá_Bọ́ọ̀dù

Wáyà lásán tó bá wáyà tọ́ọ̀ṣì rìn báyẹn, eriali lo ṣe. Lo wáyà tó ní àwọ̀n wáyà tín-ín-rín tó bo àwọn tó kù lára. So àwọ̀n náà mọ́ ara irin púlọ́ọ̀gì lápá ẹ̀rọ nìkan. Lápá rìmóòtù, gé e kúrò, fi rọ́bà bò ó, má so ó mọ́ nǹkan kan. Bó o bá so ó lápá méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ á di ọ̀nà tí HF ń gbà kọjá. Má sì so ẹsẹ̀ òdo pọ́ọ̀tì mọ́ ara irin ẹ̀rọ, òdo yẹn kì í ṣe ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi kapásítọ̀ kékeré kan, 100 nF, èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára, láàárín ẹsẹ̀ àárín àti ẹsẹ̀ òdo nínú púlọ́ọ̀gì lápá ẹ̀rọ. HF á gba ibẹ̀ sálọ, kò ní dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka fóltì. Kò ní fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn: pẹ̀lú pọ́ọ̀tì 10K, ìdádúró rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Bó o bá ṣì ní ayọ́nù sódà lọ́wọ́, fi rẹsísítọ̀ 220K náà sí ẹ̀gbẹ́ kapásítọ̀ yẹn. Kò ní ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wáyà ẹsẹ̀ àárín bá já, fóltì náà ò ní máa fò káàkiri afẹ́fẹ́, á lọ sí òdo, kọ́rẹ́ńtì á wálẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn lè gbé gbogbo ámpù rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ lójijì.

Wáyà_Tínrín

Ẹ jẹ́ kó tún wo nọ́ọ̀bù yẹn. Bó bá jẹ́ irin, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí oníke. Ara pọ́ọ̀tì jẹ́ irin, àtàǹpàkò wà lórí rẹ̀, ìbọ̀wọ́ tó bá ti tutù fún òógùn kì í dá HF dúró.

Ìyá_Tungsten

Òótọ́ ni. Ó ti ta mí rí, ọwọ́ á fò, tungsten á sì bọ sínú irin yíyọ́.

Ọmọ_Irin

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀: wáyà aláwọ̀n, 104, 220K. Nọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ oníke ni. Nọ́ńbà ò fò mọ́. Mo tan HF léraléra pẹ̀lú 25 ámpù lórí stainless, ó dúró síbi tí mo fi í sí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ mi ni. Pẹ̀lú pẹ́dà, mo máa ń gbé ti iwájú ẹ̀rọ sí 200, kí ẹsẹ̀ mi wá ibi tó fẹ́. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀bù, bó ṣe wù kí n rọra yí i tó, ó máa ń jù síwájú.

Ìyá_Tungsten

Ẹsẹ̀ rẹ ní ọ̀nà gígùn tó ń rìn, àtàǹpàkò ò ní. Má gbé ti iwájú ẹ̀rọ sí 200 torí pé 200 wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí rìmóòtù bá wà lára rẹ̀, ohun tó o bá gbé iwájú sí ló di òpin nọ́ọ̀bù. Fún irin lásán, a máa ń ka nǹkan bí 40 ámpù fún mìlímítà kan, nítorí náà 1.6 ò ju nǹkan bí 64 lọ, ti stainless á tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Gbé iwájú sí 75. Gbogbo ìyí nọ́ọ̀bù náà á wá jẹ́ tìrẹ láti ìsàlẹ̀ dé 75. Ibi tó ti máa ń fò bíi 20 ámpù tẹ́lẹ̀, kò ní tó 8 mọ́.

So rìmóòtù náà sí ibi tí àtàǹpàkò ti máa dé e láìjẹ́ pé o yí ọwọ́ tó di tọ́ọ̀ṣì mú padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń so ó sún mọ́ orí tọ́ọ̀ṣì jù, ooru á sì jẹ ike rẹ̀. Fà á sẹ́yìn.

Nígbà tó o bá fẹ́ parí, má kàn já nọ́ọ̀bù dé òdo. Rọra dá a padà, kí irin yíyọ́ náà máa súnkì lọ, kó o fi wáyà ìfikún kan díẹ̀ sí i, kí iná tó kú. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń fa ihò àti lílà ní ìparí ìlà. Jẹ́ kí tọ́ọ̀ṣì dúró lórí rẹ̀ títí gáàsì á fi dá.

Alumí_Fúyẹ́

2T ni àbí 4T, Màmá?

Ìyá_Tungsten

2T, èyí tí iná ń wà níwọ̀n ìgbà tí súìsì bá ṣì wà ní títẹ̀. Súìsì rìmóòtù irú èyí máa ń wà ní títẹ̀ látìgbà tó o bá ti yí i kúrò ní òdo títí wàá fi dá a padà. Bó o bá fi í sí 4T, ẹ̀rọ á máa retí kó o jọ̀wọ́ rẹ̀ kó o tún tẹ̀ ẹ́, wàá dá a padà sí òdo, iná ò ní kú.

Ọmọ_Irin

75 ni mo fi ṣe páìpù òní, àbọ̀ ọjọ́ ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó dàbí pé ẹ̀rọ mìíràn ni mo ń lò.

Mo fi bí mo ṣe so ó sílẹ̀ síbí fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Lára ẹ̀rọ tèmi, ẹsẹ̀ 1 àti 2 ni súìsì, 3 ni 10 fóltì, 4 ni ẹsẹ̀ àárín, 5 ni òdo. 104 àti 220K wà láàárín 4 àti 5. Àwọ̀n wáyà wà lára irin púlọ́ọ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mítà wọn tiyín kí ẹ tó gba tèmi gbọ́.